Ẹ̀rù Òjò Tó Wà Lára Àjíkẹ́

Òjò ṣú lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Àkànrán. Inú àwọn ọmọ iléèwé ń dùn, nítorí wọ́n mọ̀ pé tíṣà yóò jẹ́ kí wọ́n tètè máa lọ sílé. Àjíkẹ́ nìkan ló bẹ́ jáde lójú fèrèsé, tó sá wọ oko kòkó. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i níbi tó ká jọ sí lábẹ́ igi, tó ń gbọ̀n.

Bàbá Àjíkẹ́ ti kú tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ògiri ilé wọn wó lu ìyá rẹ̀ nínú òjò, ó sì pa á lójú ọmọ náà. Láti ìgbà náà ló ti ń tọ̀ sílé, kì í sì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọláníyì, àbúrò bàbá rẹ̀, ló gbà á tọ́.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni Ọláníyì sọ fún Múyì, ìyàwó rẹ̀. "Mo ti nà án, mo ti bẹ̀ ẹ́. Ilé àdúrà ni mò ń mú un lọ lọ́la. Wọ́n ní àwọn á dè é mọ́lẹ̀ títí ẹ̀mí burúkú tó wà lára rẹ̀ á fi jáde."

"Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù," ni Múyì wí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti yunifásítì ń bọ̀ nílé ìwòsàn lọ́la. Irú àwọn ọmọ báyìí ni wọ́n ń tọ́jú."

Obìnrin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n náà, Olúfúnmi Ògúntìmẹ́hìn lorúkọ wọn. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní abúlé kan ní Lágelú. Níbẹ̀ ni iná ti pa òbí àwọn ìbejì kan. Ìyá àgbà wọn gba ọ̀kan tọ́. Wọ́n ń ti èkejì kiri láti ilé dé ilé. Nígbà tó yá, èyí tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà gbérí, èkejì kò gbérí. Kí ló dé? Ìbéèrè yìí ló gbé tíṣà náà lọ sí yunifásítì láti kọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá, ìdáhùn rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń wá kiri abúlé láti Akínyẹlé títí dé Ẹ̀gbẹ́dá di òní.

Ọláníyì gbà, ó mú Àjíkẹ́ lọ bá wọn nílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, ó sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wọn. "Mà, ṣé ẹ̀mí burúkú ni, àbí oríkunkun?" ni Ọláníyì bi wọ́n.

"Kò sí èyíkéyìí níbẹ̀. Ọgbẹ́ ọkàn ni. Tí òjò bá ti ṣú, lójú rẹ̀, ògiri tún ń wó ni. Ikú ló ń sá fún."

"Ó ti pẹ́, Mà. Ṣé kò yẹ kó ti gbàgbé?"

"Ta ló gbé ìyá rẹ̀ jáde lábẹ́ ògiri?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ̀yin ti gbàgbé?"

Ọláníyì wolẹ̀. "N ò tíì gbàgbé."

"Ẹ má nà án mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dè é," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Àwọn ọmọ tí mo rí tó gbérí, púpọ̀ nínú wọn ló ní àgbàlagbà kan tó dúró tì wọ́n. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ. Tí kò bá fẹ́, ẹ má fipá mú un. Ẹ sì máa mú un wá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì níbí."

Múyì lọ ṣàlàyé fún tíṣà Àjíkẹ́ níléèwé. Láti ìgbà náà, tí òjò bá ti ṣú, Ọláníyì a fi oko sílẹ̀ lọ jókòó ti Àjíkẹ́. Síbẹ̀, ọmọ náà tún sá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ kan ni òjò ká wọn mọ́lé. Àjíkẹ́ di apá Ọláníyì mú.

"Bàbá, ṣé ògiri yìí lágbára?"

Ọláníyì mú un lọ́wọ́, wọ́n jọ ń fọwọ́ gbá ògiri yàrá náà yí ká. "Ó lágbára."

"Èyí tọjọ́sí wó lu Màámi."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ọláníyì kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó gbé e mọ́ra títí òjò fi dá.

Àjíkẹ́ ṣì ń tọ̀ sílé nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kì í sá wọ oko mọ́.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, bí ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí láburú bá ń dá wà, tó ń bẹ̀rù tàbí tó ń tọ̀ sílé, ẹ má pè é ní alágídí tàbí ẹlẹ́mìí òkùnkùn. Ẹ dúró tì í, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ tètè mú un lọ sílé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Ọgbẹ́ tí ojú kò rí, ẹgba kò lè wò ó sàn.