Aṣọ́lé Tó Lẹ́kọ̀ọ́ Jù

Lẹ́ẹ̀kan náà ni orí ṣáwà balùwẹ̀ Bàbá Adéyanjú já, ó fò lọ kọ lu ògiri, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọṣẹ kún orí rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ irin ìdìmú tó wà lára ògiri, ilẹ̀ ni à bá ti ṣa bàbá arúgbó. Ó táràrà ti omi náà pa, ó nu ojú, ó sì kígbe.

"Aṣọ́lé! Kí ló ń ṣe omi yìí?"

Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilé dá a lóhùn wẹ́rẹ́ láti inú ògiri: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Omi ń ṣe dáadáa. Ẹ má da ara yín láàmú."

Dáadáa kẹ̀! Ẹni tí omi ò gbá létí rí ló lè pe ìyẹn ní dáadáa.

Ìlú Etí-Yìnyín ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, lórí Máàsì, ilẹ̀ pupa tí àwọn ọmọ Yorùbá lọ tẹ̀dó sí nígbà tí rírin òfurufú ti di nǹkan tí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Yìnyín orí òkè ni wọ́n ń yọ́ mu níbẹ̀. Òkè náà ga, omi tó bá sì ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ a máa fi ipá wá, ipá tó lè fọ́ páìpù sí wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ní amómirọlẹ̀, ohun èlò onídẹ kan tí kò ju ìkúùkù lọ, tí wọ́n so mọ́ ibi tí páìpù ńlá ti wọlé. Sípíríǹgì àti rọ́bà ló wà nínú rẹ̀. Òun ló ń bá omi wí kó tó dé táàpù.

Ọ̀rọ̀ yìí ká Bàbá lára gidi, ó sì nídìí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Wẹ́mi, ti lọ sí Ayé láti ọdún méjì sẹ́yìn fún ìtọ́jú eegun ìbàdí. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ló wà, lọ́dọ̀ Wẹ́mi ọmọ wọn. Ọkọ̀ tí yóò gbé e padà ti wà lójú ọ̀nà, ó ku oṣù kan kó gúnlẹ̀. Oorun ni àwọn èrò ọkọ̀ máa ń sùn fún oṣù mẹ́fà gbáko, kò sí pé à ń bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí náà Bàbá kàn ń ka ọjọ́ ni. Ó ti ra àga sí balùwẹ̀ dè é, ó ti so irin ìdìmú. Bí omi bá wá gbá obìnrin tí ìbàdí rẹ̀ ò tíì le ṣubú ńkọ́?

Ló bá ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró púlọ́mbà.

Ẹni àádọ́ta ọdún ni Àwẹ̀ró, ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń bá páìpù jà, kò sì sí èyí tó dá a rí. "Ẹ̀rọ lè tàn mí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "omi ò lè tàn mí." Ó dé lọ́sàn-án, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó gbé ọwọ́ lé páìpù.

"Bàbá, ìgbà wo ló máa ń le jù?"

"Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni. Páìpù á máa kan gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n nínú ògiri. Tó bá ti ṣàn díẹ̀, á rọlẹ̀."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n, àmọ́ púlọ́mbà tó bá ń fi etí nìkan dájọ́, ohun tí kò bàjẹ́ ni yóò tú dànù. Ó yọ aago ìwọ̀npá rẹ̀ jáde nínú àpò, èyí tó ní abẹ́rẹ́, tó ń fi bí omi ṣe lágbára tó hàn, ó sì dè é mọ́ táàpù ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kí Bàbá ṣí omi ilé ìdáná. Abẹ́rẹ́ dúró lórí àádọ́ta.

"Ibi tó yẹ kó wà nìyẹn. Ẹ wá ti gbogbo táàpù pátá."

Wọ́n ti gbogbo rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò gbà. Ó gun ọgọ́ta, ó gun ọgọ́rin, díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ọgọ́fà.

"Háà!" ni Bàbá wí.

"Ẹ má tíì bẹ̀rù, Bàbá. Ohun méjì ló lè fà á. Iná tó ń se omi gbígbóná lè mú omi wú nínú páìpù. Ó sì lè jẹ́ pé amómirọlẹ̀ ni kò lè pa ẹnu dé mọ́, tí omi òkè ń yọ́ wọlé." Ó pa iná omi gbígbóná, ó jẹ́ kí omi ṣàn títí abẹ́rẹ́ fi padà sí àádọ́ta, ó tún ti gbogbo táàpù, ó sì ní sùúrù. Abẹ́rẹ́ tún gun òkè bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ó tán. Amómirọlẹ̀ ni."

"Aṣọ́lé," Bàbá pè, "báwo ni ipá omi ilé yìí?"

"Ó ń ṣe dáadáa, Bàbá. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Bàbá wo aago, ó wo ògiri. "Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń purọ́?"

Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀mọ̀wé Láníhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ́ gbogbo Aṣọ́lé ìlú náà bí wọn yóò ṣe máa ṣe. Ilé kejì ló ń gbé. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn.

"Bàbá, ẹ̀rọ mi kì í purọ́. Aago ayé àtijọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ sọ nù. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa dẹ́rù ba Bàbá."

"Ọmọ mi, ìwé lo mọ̀, èmi mọ omi," Àwẹ̀ró wí. "Láti àárọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ ti ń sọ dáadáa, dáadáa, ṣé ó ti dárúkọ iye kankan?"

Àwẹ̀ró yíjú sí Bàbá.

"Bàbá, ẹ bá mi dúró síta díẹ̀."

Bàbá jáde, àmọ́ ó fetí sí ẹnu ọ̀nà. Ta ni kò ní fetí sí i?

"Aṣọ́lé," Àwẹ̀ró pè, "mélòó ni ipá omi?"

"Ọgọ́fà, Màmá Púlọ́mbà. Amómirọlẹ̀ ti bàjẹ́. Ó di ọjọ́ kejìlélógójì lónìí."

"O ò wá lè sọ fún Bàbá?"

"Mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ kìíní, wọn ò tíì jẹun. Lọ́jọ́ kejì, inú wọn ń dùn, wọ́n ń kọrin. A kì í já ìròyìn burúkú lu àgbà. Mò ń dúró de ìgbà tó wọ̀ ni."

Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ẹ̀rọ yìí lẹ́kọ̀ọ́ ju àwọn ọmọ mi lọ!"

Láníhùn ò rẹ́rìn-ín. "Òfin ni, Màmá. Lọ́dún kẹsàn-án sẹ́yìn, ìyá arúgbó kan ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ sọ fún un gbúà pé àkọ́bí rẹ̀ ti kú síbi ìwayìnyín. Ìyá náà ò dìde lórí àga yẹn mọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi í jẹ́ tọmọ, kí n kọ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ ò lè mọ ibi tí ọ̀wọ̀ parí sí. Wọ́n ní ọmọdé ló ń ṣe mí."

"Má fi mí pamọ́ sáàárín ìgbìmọ̀." Bàbá ti wọlé padà. "Èmi ni olórí wọn nígbà náà, èmi ni mo pàṣẹ, mi ò sì kábàámọ̀. Ẹ̀rọ tí kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Bàbá, omi ò mọ àgbà."

"Ìwọ ọmọ yìí!"

"Ó tó," Àwẹ̀ró wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Ó ti omi láti ìta, ó tú amómirọlẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ ti ya, ẹyọ iyanrìn pupa kan sì há síbi tó ya. Ó yọ ọ́ hàn wọ́n, ó so tuntun mọ́ ọn, ó tún ti gbogbo táàpù. Abẹ́rẹ́ jókòó lórí àádọ́ta, kò mira. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣáwà, omi rọra ń bọ̀ wẹ́rẹ́. Bàbá tẹ́wọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ìyá Wẹ́mi á gbádùn èyí. Àwẹ̀ró, o ṣeun, wàá jèrè ọwọ́ rẹ. Láníhùn, má bínú sí mi." Ó yíjú sí ògiri. "Aṣọ́lé, láti òní lọ, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni kó o sọ ọ́ fún mi. Ṣé ó ku nǹkan kan tó o ò tíì sọ?"

Ẹ̀rọ náà tún béèrè: "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ní kó o sọ ọ́!"

"Iṣẹ́ mẹ́rin ti dé láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Èyí àkọ́kọ́ pé oṣù márùn-ún."

Ohùn Ìyá Wẹ́mi fúnra rẹ̀ ló bá gba balùwẹ̀ kan.

"Bàbá Wẹ́mi, ẹ má bínú. Mi ò wọ ọkọ̀ o. Dókítà ní ọkàn mi ò lè gba ìrìn yẹn mọ́ láé. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bọ̀. Wẹ́mi ti gba àyè sílẹ̀ fún yín nínú ọkọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ wálé lẹ́yìn ọdún tuntun. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó gbéra láìsí yín."

Bàbá wá àga tó rà fún ìyàwó rẹ̀, ó jókòó lé e. Omi ń sọ̀ sí i léjìká, kò sì mọ̀.

"Ọkọ̀ yẹn ńkọ́?"

Láníhùn wolẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Etí-Yìnyín, gbogbo ìlú ló jáde lọ juwọ́ sí ọkọ̀ náà. Bàbá Adéyanjú ló gbàdúrà fún àwọn èrò rẹ̀.

"Ó ti lọ, Bàbá," Aṣọ́lé wí. "Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyí. Òmíràn di oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí i."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Bàbá. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, Àwẹ̀ró sì na ọwọ́ ti omi náà pa, ó kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pẹ́ kí ó tó gbé orí sókè.

"Aṣọ́lé, gba ohùn mi sílẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí i lónìí, má sì fi ọ̀rọ̀ kankan kún un." Ó nu ojú rẹ̀. "Ìyá Wẹ́mi, èmi ni. Ọkọ̀ ti lọ, mi ò sí nínú rẹ̀, èmi ni mo fà á. Dúró dè mí."