Awọ Ara Kì Í Ṣe Aṣọ

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí nígbà tí a bá ń bá ènìyàn lò. Ṣùgbọ́n tó bá kan awọ ara wa, bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò là ń ṣe.

Ìyá Funfun mọ ẹ̀sọ̀ dáadáa, lórí aṣọ. Alágbàfọ̀ ni. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ń sọ aṣọ di funfun bíi tirẹ̀ ládùúgbò. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Láràárọ̀, kó tó ki ọwọ́ bọ omi, á kọ́kọ́ kí i, á sì gbàdúrà lé e lórí.

"Ọwọ́ mi, ọ̀rẹ́ ẹnu mi. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ẹ̀yin méjèèjì wẹ ẹ̀wù gbogbo ayé. Ọwọ́ tí ń bọ́ ilé, tí kì í bèèrè ohun tó kù nínú ìkòkò. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó rọ."

Ní ọjọ́ Ajé kan, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ojúlé kẹta sí ṣọ́ọ̀bù wọlé wá. Ó mú aṣọ iṣẹ́ tó gbà lọ ní Sátidé dání. Kò jókòó. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì ìlọṣọ, ó sì fi ìka kan ọrùn rẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan wà níbẹ̀, kò ju kóró ata lọ.

"Ẹ má bínú," ni Ìyá Funfun wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. "Màá tún un fọ̀. Mi ò ní gba kọ́bọ̀."

"Mi ò bínú, màmá. Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Ìyá Funfun ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. "Ẹ̀fọn kan ni mo pa."

"Ẹ̀fọn yẹn á mà ti yó kó tó kú o. Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín."

Nígbà tó kó o jáde, nọ́ọ̀sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Àárín àwọn ìka pọ́n, ẹ̀yìn ọwọ́ gbẹ háúháú, ó sì sán bí ilẹ̀ tí òjò ti gbàgbé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, ibì kan ti là, ó ń ṣomi.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ń lọ sí oṣù mẹ́rin. Yíyún rẹ̀ kì í jẹ́ kí oorun kún mi lójú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbìyànjú láti fún aṣọ ìbora kan, mi ò lè fún un." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, tí ọwọ́ yìí bá kọ iṣẹ́, mi ò ní iṣẹ́ mìíràn o. Òun nìkan ni mo mọ̀."

"Kí lẹ ń fi sí i?"

Níbí ni Ìyá Funfun ti gbórí sókè díẹ̀. "Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fún, mo bu iyọ̀ sí i. Òun ni mo fi ń yọ àbàwọ́n ìpẹtà lára aṣọ. Nígbà tí kò gbọ́, mo kán bílíìṣì sínú omi gbígbóná, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò sí ìdọ̀tí tó gbọ́ orúkọ bílíìṣì tí kì í sá."

"Ó sá?"

"Ó sá wọ inú ilé lọ."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìyá náà ti kún fún omi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, oníbàtà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìloro ṣọ́ọ̀bù náà, gbọ́ ẹ̀rín, ó yọjú wọlé. "Ẹ bá mi bá a wí. Mo ní kó máa fi òróró àgbọn pa á bíi tèmi, ó ní òróró á ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Orí àbúrò mi yìí le ju àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà lọ."

"Ẹ̀yin náà ń fi pa kí ni?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

Oníbàtà ká apá aṣọ sókè. Lórí ìgúnpá rẹ̀, awọ ti nípọn, ìpẹ́ funfun sì bò ó bíi ti ẹja. "Ọdún kẹwàá rèé. Òróró máa ń mú kó rọ̀, kì í jẹ́ kó yún mi púpọ̀. Kò lọ, ṣùgbọ́n a ti mọwọ́ ara wa."

Ìyá Funfun wo ìgúnpá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìbéèrè tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá jáde. "Ṣé àrùn kan náà ni? Ṣé òun ló kó o ràn mí ni?"

"Rárá o. Méjèèjì kì í ràn. Ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, kò ní ràn yín. Tiyín yìí jọ àléfọ́. Ti ẹ̀gbọ́n jọ èyí tí wọ́n ń pè ní sọráyásísì: ara ló ń kánjú hu awọ tuntun kí ògbólógbòó tó re, ni wọ́n bá ń gun ara wọn lórí. Ojú lásán ni mo fi wò ó o, dókítà ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀."

"Ó dáa, ẹ sọ èyí fún mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ ìsinmi, ọwọ́ mi á fẹ́ sàn, tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á tún gbiná?"

"Kí lẹ kì í fọwọ́ kàn lọ́jọ́ ìsinmi?"

Ìyá Funfun wo yíká ṣọ́ọ̀bù. Ooru ń rú lójú ọpọ́n omi. Páálí ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì bílíìṣì sì wà lábẹ́ tábìlì.

"Háà," ni ó wí wẹ́rẹ́.

"Awọ ara ní ọ̀rá tirẹ̀ tó fi ń bo ara rẹ̀. Ọṣẹ tó ń ká ọ̀rá kúrò lọ́rùn aṣọ, ṣé ẹ rò pé ó mọ̀ pé ọwọ́ yín kì í ṣe ọrùn aṣọ? Màmá, ẹ jẹ́ n bi yín. Tí wọ́n bá gbé ọṣẹ tuntun wá, ṣé ẹ máa ń dà á sórí aṣọ ìyàwó lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ká má rí i. Etí aṣọ, nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò tó, ni màá kọ́kọ́ kán an sí. Màá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá ṣí, màá tẹ̀ síwájú."

"Ta ló bá yín dán bílíìṣì wò létí ara yín?"

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Funfun ti ń ṣàánú etí aṣọ ẹlòmíràn. Kò ṣàánú etí awọ tirẹ̀ rí, àní lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó fa àpótí kan fún nọ́ọ̀sì. "Ẹ jókòó. Ẹ kọ́ mi."

Nọ́ọ̀sì jókòó, ìbéèrè sì ń rọ́ lu ìbéèrè. Ṣé òróró àgbọn dára? Ó dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, básílíìnì tí kò ní òórùn náà dára, àgàgà tí a bá fi pa awọ nígbà tí kò tíì gbẹ tán lẹ́yìn ìwẹ̀. Etí erin, ewé tí òyìnbó ń pè ní àlófírà, ńkọ́? Omi inú rẹ̀ máa ń tu ẹlòmíràn lára, ó sì máa ń jó ẹlòmíràn. Kí a fi díẹ̀ sínú apá, kí a dúró di ọjọ́ kejì, bíi ti etí aṣọ gẹ́lẹ́. Kí a má sì fi í sójú egbò.

"Ọkà óòtì tí a lọ̀ kúná náà wà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ wá fi omi náà san ara. Ó máa ń pẹ̀tù sí yíyún."

"Mo ti fọ ọkà kúrò lára aṣọ ọmọdé títí. Mi ò mọ̀ pé ọkà náà mọ èèyàn í fọ̀." Ó wo ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó so mọ́ ògiri. "Èyí ńkọ́? Tí mo bá wọ̀ ọ́, ọwọ́ mi á tún máa yún sí i."

"Òógùn ni. Ẹ kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ òwú sínú, kí ẹ tó fi rọ́bà bọ̀ ọ́ lórí. Tí ti inú bá ti tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́, màmá: gbogbo èyí ń tu ara lára ni, kì í ṣe pé ó ń gba ipò oògùn. Ibi tó ń ṣomi yìí, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lónìí."

Ìyá Funfun lọ. Dókítà sọ pé àléfọ́ ni lóòótọ́, kòkòrò sì ti ráyè wọ ojú ibi tó là. Wọ́n fún un ní ìpara, wọ́n sì sọ iye ọjọ́ tí yóò lò ó.

Kò rọrùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìbọ̀wọ́ méjì ń dí i lọ́wọ́, ó ń bínú sí i bí ẹni pé ó gba ọkọ rẹ̀. Òróró àgbọn tó dán wò nínú apá kò jó o, ló bá sọ ọ́ di ọ̀rẹ́. Etí erin mú kí apá rẹ̀ pọ́n, ló bá fi í sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó fún aṣọ ìbora kan, omi rẹ̀ kán tán pátápátá. Ó dúró, ó wo ọwọ́ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó ní, "Olúwa, o ṣeun."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ gbọ́. Àléfọ́ àti sọráyásísì kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe èpè, wọn kì í sì í ràn. Ẹ má sá fún ẹni tó ní wọn. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́, bílíìṣì, kànìnkànìn líle tàbí ìpara tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kan awọ náà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀, kó má pẹ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi náà gbẹ, ẹ má nù ún gbágbá, kí ẹ sì pa òróró tàbí básílíìnì kíákíá. Ẹ gé èékánná. Ẹ má ṣí ìpẹ́ pẹ̀lú ipá. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré kan lára. Ẹ má sì pa oògùn dókítà tì nítorí tilé. Tí ó bá ń ṣomi, tí ó ń tàn, tí ibà bá dé, tàbí tí ẹni tó ní sọráyásísì bá ń rí oríkèé ara rẹ̀ tó ń dùn tàbí tó ń wú, kí ó má dúró rárá, ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Ọ̀rọ̀ nípa oríkèé yìí, ẹnu nọ́ọ̀sì ni Ìyá Funfun ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó wá gba aṣọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rí i pé láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó lè di abẹ́rẹ́ mú. Ó rí i pé ìka rẹ̀ méjì ti wú bí àkàrà.

Ó gbé àpótí lọ sí ìloro, ó jókòó tì í.

"Ó ti dé," ni oníbàtà wí, kò gbójú sókè. "Ọwọ́ rẹ ti sàn, o fẹ́ dá ilé ìwòsàn sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà wo ni ìka yín ti ń dùn yín?"

Ó fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ dáhùn, ẹ̀fẹ̀ ò wá. Ó gbé bàtà tó ń rán sórí itan rẹ̀. "Ó ti pẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí wọ́n má ní kí n má rán bàtà mọ́."

Ìyá Funfun di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọra dì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ rí dókítà láàárọ̀ ọ̀la."