Aró Ara Aṣọ Kóredé

Pápá bọ́ọ̀lù iléèwé náà ti kú. Kì í ṣe pé ó gbẹ díẹ̀ o. Láti ojú gòólù kan dé èkejì, koríko rẹ̀ ti pọ́n bí ẹní àtijọ́, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á máa dún wàrà-wàrà. Ẹnì kan ló fín oògùn apakoríko sí i. Ọ̀la sì ni ìdíje àṣekágbá, tí àwọn yunifásítì fẹ́ wá wo àwọn ọmọ tí wọ́n máa fún ní sikọ́láṣíìpù. Gbogbo òbí tó wà ní Union City, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń pariwo.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ṣìkẹ́mi Dáramọ́lá dúró sí etí pápá, inú rẹ̀ ò dùn rárá. Kó tó dé ni wọ́n ti mú ẹnì kan, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀. Olúwakóredé lorúkọ rẹ̀, ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú pápá lọ́dọ̀ Uncle Ọlákúnlé, ọ̀gá tí iléèwé gbé iṣẹ́ náà fún. Iṣẹ́ yìí ni físà rẹ̀ so mọ́. Bí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni, wọ́n á sì dá a padà sílé lẹ́yìn náà.

"Ẹjọ́ ti tán," ni James, ọlọ́pàá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wí. Ó na aṣọ iṣẹ́ Kóredé sí i nínú ọ̀rá. "Wọ́n máa ń po aró mọ́ oògùn yẹn kí ẹni tó ń fín in lè mọ ibi tó bá a dé. Wò ó, aró ọ̀hún rèé lára aṣọ ẹ̀."

Ṣìkẹ́mi yẹ aṣọ náà wò tinú-tẹ̀yìn. Aró kún àyà ṣẹ́ẹ̀tì, ó kún orúnkún ṣòkòtò. Ẹ̀yìn mọ́, ẹsẹ̀ ṣòkòtò nísàlẹ̀ náà mọ́.

Kò ya Clara, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé, lẹ́nu. "Mo mọ̀ pé ọmọkùnrin yẹn máa bínú lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá ẹ̀ le jù. Àràárọ̀ ló ń fi push-up jẹ ẹ́ níyà lórí pápá. Àwọn ọmọ wa ti fi fóònù yà á."

"Push-up mélòó?"

"Ẹyọ kan péré. Lẹ́yìn náà, á ní kó dìde. Mi ò mọ irú ìyà tíyẹn jẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ṣìkẹ́mi, ó gbé e mì. "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ máa bá ọ̀gá náà ṣiṣẹ́?"

"Rárá. A ti sọ fún un pé Ernest, atọ́jú pápá míì, ló máa gba pápá yìí lẹ́yìn ìdíje."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Kóredé ò lè gbójú sókè.

"Kóredé, oògùn yẹn máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó pa koríko. Ṣé o wá sí pápá ní Sunday ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí kò sẹ́ni níléèwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo wá sún ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi ni."

"Ta lo bá níbẹ̀?"

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ."

"O máa ṣẹ̀wọ̀n o! Ṣé orí ẹ pé?"

"Oṣù tó ń bọ̀ ni ọ̀gá mi máa ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún mi, mà. Wọ́n á súre fún mi, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé mi. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò." Omijé ti gba ojú ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe Ṣìkẹ́mi débi pé ó ní láti jáde.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó pe Uncle Ọlákúnlé wá sí pápá. Ọ̀gá náà gbé pikọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, ó wọ aṣọ tó mọ́ tónítóní.

"Ṣìkẹ́mi ọmọ mi, mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ yìí ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àmọ́ mi ò sí níbí ní Sunday yẹn o. Church ni mo wà, ní Smyrna, bí mo ṣe sọ fún ọ lórí fóònù."

"Ẹ ṣeun, sà."

James ṣílẹ̀kùn mọ́tò, Kóredé sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Bó ṣe rí ọ̀gá rẹ̀ báyìí, kò dúró rò ó, gbalaja ló nà sílẹ̀.

"Dìde," ni Ọlákúnlé wí. Kò tiẹ̀ wò ó.

James ti sáré dé. "Kí ló ń ṣe?"

"Push-up ni," ni Ṣìkẹ́mi dáhùn. Ó wá kọjú sí Ọlákúnlé. "Uncle, ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gòólù yẹn."

Láàárín koríko tó ti kú, ojú kan ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀, gígùn rẹ̀ tó ti èèyàn.

"Ẹnì kan nà síbẹ̀ nígbà tí oògùn ṣì tutù, aṣọ ẹ̀ sì nù ún kúrò lára koríko. Ẹni tó bá fín oògùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ laró máa ń kùn. Àyà ló kùn ní ti Kóredé, torí pé ó dọ̀bálẹ̀ ni. Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún lórí pápá yìí, sà? Ṣé Clara ni? Àbí Ernest? Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní Smyrna sì sọ fún mi pé ìwàásù ti parí kí ẹ tó wọlé."

James ti wà nídìí pikọ́ọ̀pù. Bàtà òjò ló gbé jáde, aró kùn ún dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ọlákúnlé mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbin koríko yẹn. Wọ́n ní kí n fà á lé Ernest lọ́wọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó kú."

"Ẹ rí i tó ń bọ̀, ẹ mọ̀ pé oògùn ni. Ẹ ò lè ní kó má dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ kan yẹn? Ẹ̀yin gan-an lẹ wà lọ́jà, sà, ẹ̀yin náà lẹ wọ́ orí ọmọ."

James bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Kóredé, ó fi sọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ò yọ̀.

"Aunty, ta ló máa wá ṣe fíríìdọ́ọ̀mù mi báyìí?"

Ṣìkẹ́mi mọ ìdáhùn. Iléeṣẹ́ Uncle ti wọlẹ̀ nìyẹn, físà sì ti bá a wọlẹ̀. Ẹjọ́ tó fi òtítọ́ yanjú yìí náà ló máa dá ọmọ ọlọ́mọ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

"Mi ò mọ̀, àbúrò mi. Má bínú."

Kóredé fi í sílẹ̀, ó sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń ti Ọlákúnlé wọnú mọ́tò, ó sì dọ̀bálẹ̀ lórí koríko gbígbẹ. "Ẹ súre fún mi, sà. Ẹ kàn sọ ọ̀rọ̀ kan."

Ọlákúnlé gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mọ́tò lọ.

"Dìde, Kóredé," ni Ṣìkẹ́mi wí.

Kò dìde. Kì í ṣe ẹnu Ṣìkẹ́mi ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn.