Ọwọ́ Tí Màmá Lesieli Fẹ́ Wò

Èékánná àtọwọ́dá kẹta tún já bọ́, inú ife tíì tí Tokilupe gbé kalẹ̀ ló sì balẹ̀ sí. Pisila, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ṣíbí yọ ọ́, ó nù ún mọ́ yẹ̀rì ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mu tíì rẹ jàre, kò ní pa ọ́."

"Má fi mí ṣẹ̀sín, Pisila. Kí ló dé tí wọn ò lẹ̀?"

"Èmi ni mo ṣe wọ́n ni? Wo ìwé inú páálí yìí. Ó ní kí o kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ, kí òróró kankan má ṣẹ́ kù níbẹ̀."

Tokilupe wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Òróró kẹ̀? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni Àǹtí Seini, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ti ń fi àdí àgbọn pa á láti orí dé àtàǹpàkò, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọmọbìnrin tó bá máa jó tau'olunga, ijó àwọn ọmọbìnrin ní erékùṣù Tonga, gbọ́dọ̀ dán ni. Bí àdí bá kọ̀ tí kò dán lára rẹ̀, ohun tí àwọn ìyá ìjọ yóò máa sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè kọ sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. Àǹtí Seini sì ti kìlọ̀ pé ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án lára títí ijó yóò fi parí. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ko Àǹtí Seini lójú? Bàbá Tokilupe fúnra rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí bá ti wúkọ́ lásán, jẹ́jẹ́ ni yóò jókòó.

"Mi ò lè fọ̀ ọ́," ni Tokilupe wí. "Àǹtí á mọ̀."

"Ṣebí o kúkú lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe èékánná nílùú."

"Màámi ò gbà. Wọ́n ní ṣé èékánná mi ló fẹ́ jó ni."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà ilé náà, Màmá Lesieli tó bí bàbá rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ ṣe àpèjẹ ìdágbére fún lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Àìsàn ti rọ apá ọ̀tún rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan tó ń gbé ní Auckland lókè òkun sì ní kí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ òun, níbi tí ìtọ́jú wà. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, bó bá jó, àwọn ọkùnrin tó ń lu gìtá á gbàgbé orin. Ijó náà kì í ṣe ijó ẹsẹ̀. Ọwọ́ ni gbogbo ayé ń wò, torí ọwọ́ ló ń sọ ohun tí orin ń sọ. Òun ló kọ́ Tokilupe, ìka kọ̀ọ̀kan, láti kékeré. "Má pa ìka rẹ dé," ni yóò máa wí. "Bó o bá ti pa á dé, o ti panu mọ́ nìyẹn." Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ kó tó kúrò ní Tonga ni kí òun rí ijó òun lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ òun.

Tokilupe mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti rí àwọn ọmọge Auckland lórí fóònù, tí wọ́n ń fi èékánná pupa gígùn jó, ó sì ti wọ̀ ọ́ lójú. Nígbà tó fi páálí náà han Màmá Lesieli, arúgbó náà mi orí. "Rárá o, ọmọ mi. Ìka rẹ ni mo fẹ́ wò." Tokilupe ní ó dáa. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní kí ni arúgbó mọ̀ nípa ohun tó wà lóde.

"Gúlúù tí wọ́n fi ń lẹ sálúbàtà wà lójú fèrèsé ilé ìdáná," ni ó sọ fún Pisila.

"Gúlúù sálúbàtà? Èmi ò sí níbẹ̀ o."

"O ti wà níbẹ̀. Lọ mú un wá."

Wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ìka méjì lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n fà á ya, Tokilupe ké mọ́ inú. Nígbà tí ó yá, gbogbo èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúró, wọ́n pupa, wọ́n gùn. Nígbà tí Àǹtí Seini wá pa àdí ìkẹyìn fún un, Tokilupe fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ẹní híhun tí wọ́n fẹ́ ró mọ́ ọn nídìí bí aṣọ ijó, ó ní òun ti fi àdí pa ọwọ́ òun fúnra òun. Àǹtí gbà á gbọ́.

Gbọ̀ngàn ìjọ kún fọ́fọ́. Wọ́n gbé Màmá Lesieli sí iwájú pátápátá. Orin bẹ̀rẹ̀, Tokilupe tẹ orúnkún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. Ó rí i pé ọwọ́ òsì Màmá, èyí tó ṣì yè, ti ń bá òun jó díẹ̀díẹ̀ lórí itan rẹ̀. Orí rẹ̀ wú.

Bí ó ṣe yí ọrùn-ọwọ́ báyìí ni èékánná kan fò yọ.

Bọ̀ọ̀dá Viliami, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ń jó wẹ́lẹwẹ̀lẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe: ẹbí á máa ṣe bí òmùgọ̀ lẹ́yìn oníjó kí ẹwà oníjó lè hàn. Ọ̀gbẹ́ni náà rí ohun pupa nílẹ̀, ó mú un, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣóńṣó imú rẹ̀. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn já, ó tún mú un, ó fi há etí, ó gbọn ìdí. Kò mọ nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé ń tọ́ka. Ojú ti Tokilupe débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ la. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ká ìka rẹ̀ kò, ó di ẹ̀ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe jó orin náà tán, bí ẹni tó ń wá ìjà.

Ó bojú wo iwájú lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ òsì Màmá ti dúró. Màmá ti tẹ orí ba, ó ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Tokilupe fi ìbínú fa èyí tó kù yọ. Méjì bá èékánná tirẹ̀ gan-an wá, ẹ̀jẹ̀ sì ṣe yàà. Àǹtí Seini fi aṣọ dì í, kò nà án, kò bú u.

"Lọ bẹ Màmá," ni ó wí. "Èmi kọ́ lo ṣẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Tokilupe kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n tún un jó fún yín. Nínú yàrá níbí. Kò sẹ́ni tó máa rí wa."

"Ọjọ́ Ìsinmi ni, Toki." Ohùn rẹ̀ kò le. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn kì í jó ní gbogbo Tonga, Màmá Lesieli kò sì jó lọ́jọ́ náà rí láyé rẹ̀.

"Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?"

"Ìbínú kọ́, mo ti dárí jì ọ́. Ọwọ́ tèmi ti kú. Mo kàn fẹ́ rí i pé ó ṣì wà láàyè lára rẹ."

"Ó wà, Màmá. Ẹ gbà mí gbọ́."

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ni màmá wí. "Mi ò kàn rí i ni."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti gbé e lọ sí pápákọ̀ òfúrufú. Kò pé oṣù mélòó kan, ìròyìn ikú rẹ̀ dé láti Auckland.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Tokilupe jó níbi ayẹyẹ ilé-ìwé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lásán, ìka rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn àgbà dìde dúró fún un. Àǹtí Seini sunkún. Ó jó o dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ṣe ló sá lọ sẹ́yìn ilé, tó lọ sunkún tirẹ̀ náà.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èékánná pupa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sọ ohun tó fẹ́ rí lára yín, ẹ má fi ohun tó wà lóde bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi hàn án lónìí tó ṣì wà. Tokilupe tọrọ àforíjì, ó sì rí i gbà. Ṣùgbọ́n Màmá Lesieli kò rí ijó náà.