Ata Tí Victor Kò Jẹ́ Tọ́ Wò

Inú omi ìwẹsẹ̀ ni awọ náà ti bọ́. Rodiyat rò pé ewé kòkó ló já sínú bàsíà. Ìgbà tó mú un jáde ló rí i pé awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá òun ni.

"Ìyá, ẹ ò mọ̀ ọ́n lára ni?"

"Mọ kí ni?" Toyibat, ìyá rẹ̀, ń bó ẹ̀gúsí lọ ní tirẹ̀.

Rodiyat kò ké, kò sì sunkún. Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀ sáṣọ. Láti ọjọ́ tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kú ni Rodiyat náà ti ń ṣe bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nítorí ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n ṣe ra ìpara ata lọ́wọ́ Victor ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Ẹnu Victor dùn, àfi kéèyàn má dúró gbọ́ ọ. "Ohun tí à ń jẹ ni, ẹ̀yin ìyá mi. Bó bá ta yín, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá ta yín, àìsàn ló ń bá jà. Ẹ fi kún un." Kò ta Toyibat rárá. Ó sì ń fi kún un.

Lọ́jọ́ tí awọ náà bọ́, Akínwọlé ọlọ́kadà ló gbé wọn láti oko ní Àgọ́ Aláyé dé ọsibítù. Elizabeth, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, gbóòórùn agolo ìpara náà, ó sì fa orí sẹ́yìn.

"Ata gidi wúlò," ó wí. "Ó ń la imú tó dí, ó ń dín oró oríkèé kù. Ṣùgbọ́n a kì í fi pa egbò, a kì í sì í fi pa ẹsẹ̀ tó ti kú. Èyí kì í ṣe ata nìkan. Ẹ wá ẹni tó pò ó, kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ ká lè mọ ohun tí à ń tọ́jú. Bó bá pẹ́, orúnkún ni wọ́n á ti gé e."

Wọ́n dé gáréèjì, Victor ti lọ. Agbèrò kan ní, "E don enter Odigbo." Wọ́n bá a níwájú ọjà Òdìgbò, ó ń fi ìpara pa orúnkún bàbá kan tó ń jẹ́ Elisha. Ó rí agolo tí Rodiyat gbé dání, ó rí ojú rẹ̀, ó fò sórí ọ̀kadà tó wà nítòsí. Ó di ọ̀nà Agbábù.

Akínwọlé fi eré sí i. Ọkọ̀ agbégẹdú kan dábùú ọ̀nà, Victor gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n rò pé ó ti lọ nìyẹn. Àfi bí ọ̀kadà rẹ̀ ṣe yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì sá wọ oko kòkó. Àwọn alágbàtọ́jú oko tó wà níbẹ̀ ṣe bí olè ni, wọ́n yọ àdá sí i.

"Ẹ má lù ú!" Akínwọlé kígbe. "Ẹnu ẹ̀ la nílò."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ọ̀gá Ògúndípẹ̀ ń jẹ iṣu lọ́wọ́. Kò dìde.

"Kí lo pò síbẹ̀?"

"Ata wẹ́wẹ́ àti àdí, sà."

"Kí tún ni?"

"Kò sí nǹkan mìíràn, sà. Ohun tí à ń jẹ ni."

Rodiyat sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Nílé wa, ẹni tó bá fún èèyàn lóògùn ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Èmi ni mi ò bèèrè, torí mo ní pípa ni, kì í ṣe mímu. Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò báyìí, sà."

Ògúndípẹ̀ fi ìpara náà ra iṣu kan, ó tì í síwájú Victor.

"Jẹ ẹ́."

"Mo ti yó, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o yó. Jẹ ẹ́."

Victor mú iṣu náà. Ó gbé e súnmọ́ ẹnu. Ó gbé e sílẹ̀.

"Omi bátìrì ni, sà. Díẹ̀ ni mo ń fi sí i. Ata lásán ni mò ń pò tẹ́lẹ̀, wọ́n ń dá a padà, wọ́n ní kò ta. Wọ́n fẹ́ kó ta wọ́n."

Rodiyat ti pe Elizabeth lórí fóònù kó tó sọ̀rọ̀ tán. Elisha ti tẹ̀lé wọn dé àgọ́, ó ń fi omi ṣan orúnkún rẹ̀, ó ń dúpẹ́ ṣáá. Wọ́n ti Victor mọ́lé.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì fún Toyibat. Nígbà tí egbò náà gbẹ díẹ̀, Elizabeth mú abẹ́rẹ́ wá láti wo ibi tí ẹsẹ̀ náà kú dé. Ó gún àtẹ́lẹsẹ̀, Toyibat ń wo àjà. Ó gún ọrùn ẹsẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó gún ojúgun.

"Yéè!" Toyibat kígbe. "Ṣé orí nọ́ọ̀sì yìí pé ṣá?"

Rodiyat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ń bi í pé kí ló dé. Rodiyat kọjú sí Elizabeth.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i."