Àpò Èédú fún Ìyá Ọkọ

Lọ́jọ́ tí Adégbénga kọ́kọ́ rí Ẹfúnwùmí, ẹyinjú àti eyín nìkan ló funfun lára rẹ̀. Ó dúró ti òkìtì èédú bàbá rẹ̀, ó ń da yẹ̀pẹ̀ bo ibi tí èéfín ti ń yọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Káńsù ló rán mi wá. Kí ni orúkọ yín?”

“Ẹfúnwùmí.”

Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ẹfún? Ẹfun wo ló dúdú báyìí?”

“Ẹ lọ bi àwọn tó sọ mí lórúkọ. Èédú ò tíì kùn mí nígbà yẹn.”

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà títí ìwé ọwọ́ rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìwé náà ní káńsù ti ṣèlérí pé èédú sísun yóò dópin lágbègbè wọn, nítorí igi ń tán nínú ọ̀dàn, òjò kò sì mọ àsìkò rẹ̀ mọ́. Abà tó bá jáwọ́ nínú èédú yóò gba ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣe òrí.

Ẹfúnwùmí kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òrí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe nígbà ayé rẹ̀, lábẹ́ igi òrí ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Èéfín ló sọ ikọ́ sí i láyà tó fi kú. Bàbá náà ti ń wú irú ikọ́ yẹn báyìí.

Nígbà tó fi di oṣù mẹ́fà, Adégbénga kò dúró de ìgbà tí káńsù bá rán an kó tó wá sí abà mọ́. “Ẹfún mi” ló ń pè é. Ó mú un lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ṣakí. Láti ẹnu ọ̀nà ni ọmọbìnrin náà ti gbọ́ ohùn ìyá lẹ́yìnkùlé:

“Ọmọ eléèédú? Kó wá ra èédú mọ́ aṣọ wa?”

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá náà. Ó ń fẹ́ná sí èédú lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀.

Bàbá Ẹfún náà kò tètè gbà kí Adégbénga fẹ́ ọmọ òun. “Ọ̀rọ̀ káńsù dà bí òjò ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣú, kì í rọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá wọ abà yìí ni kí o kó àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ ọmọ mi. Ọjọ́ yẹn lèmi náà á fi èédú sílẹ̀.”

Ẹ̀rọ dé lóòótọ́, lọ́jọ́ Sátidé kan. Alága káńsù tẹ̀ ẹ́, ó kùn, òrí jáde, wọ́n ya fọ́tò. Bàbá Ẹfún gbé ọkọ́, ó wó òkìtì èédú rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó sì bẹ àwọn eléèédú yòókù kí wọ́n wó tiwọn.

“Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ́, ilé yín ni màá ti máa jẹun o, Bàbá Ẹfún!” Mùílì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ará ilé Adégbénga wá tọrọ ìyàwó. Ìyá rẹ̀ náà wá, ó fi etí gèlè bo imú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé, ọkọ̀ káńsù padà wá. Awakọ̀ ń tú ẹ̀rọ náà.

“Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí. Abà mìíràn ló kàn. Wọ́n ti ta kánópì níbẹ̀.”

Adégbénga wà níwájú ọkọ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀.

“Gbénga, ṣé o mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé?” Ẹfúnwùmí bi í.

“Wọ́n ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀…”

“Ṣé o mọ̀?”

Ó wolẹ̀. “Mo mọ̀. Mo fẹ́ fẹ́ ọ ni, Ẹfún mi.”

Ká ní nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe dákẹ́ ni, bóyá Ẹfúnwùmí ì bá dárí jì í. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ òun gan-an ló fi sọ bàbá òun di òpùrọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mùílì kò bínú. Ó kàn ń wá láràárọ̀, á jókòó sí ìloro. “Bàbá Ẹfún, mo dé o.” Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Igi tó kù nínú ọ̀dàn ti jìnnà, ikọ́ kò sì jẹ́ kí bàbá lè rìn débẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé ayùn lọ sẹ́yìnkùlé, sídìí igi òrí. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ẹfúnwùmí lọ di etí kejì ayùn náà mú.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kó èédú igi náà sápò ni Adégbénga dé lórí ọ̀kadà.

“Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá káńsù.”

“Ẹfún, jọ̀ọ́, má pè mí bẹ́ẹ̀.”

Ẹfúnwùmí rán ẹnu àpò kan, ó gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà náà fúnra rẹ̀, ó fi okùn dì í.

“Ẹ bá mi gbé e fún màmá yín. Ẹ ní igi ìyá mi ni, iná rẹ̀ kì í tètè kú. Ẹ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, n kò ní wá ra èédú mọ́ aṣọ wọn.”

Adégbénga ṣáná sí ọ̀kadà, ó sì gbé àpò náà lọ.

Ẹfúnwùmí gbọ́ ìró rẹ̀ títí tí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà, ikọ́ bàbá rẹ̀ nìkan ló kù.