Ojú Àtàǹpàkò Lára Ike

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé náà wà ní Jamaica, ní Queens ní Amẹ́ríkà, ní àdúgbò tí bàálù ti ń fò kọjá lórí òrùlé débi pé àwọn ará ibẹ̀ kì í gbójú sókè wò ó mọ́. Ọkọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ike inú rẹ̀. Ibi tí kò yé mi, n kò ní ṣe bí ẹni pé ó yé mi.

Sẹ̀kínátù ni orúkọ obìnrin tó ń gbé ibẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Moshood ọkọ rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlélógún kó ẹrù sínú bàálù ní JFK. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, kò ra aago, kò ra agbádá. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan ló wà wálé, irú èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti síńkì sínú rẹ̀, tí àwọn òyìnbó fi ń rìnrìn àjò. Ó ní òun àti ìyàwó òun máa fi rí gbogbo Amẹ́ríkà, pé láti ọjọ́ pípẹ́, ẹrù àwọn tó ń lọ lòun ń gbé, òun fúnra òun ò lọ síbì kankan.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà dára. Inú rẹ̀ ni kò dára. Gbogbo ike tí wọ́n fi bo irin ara rẹ̀, ti ẹnu ọ̀nà, ti ojú fèrèsé, ti òkè orí, òòrùn ti gbẹ wọ́n, wọ́n sì ti sán káàkiri. Sẹ̀kínátù yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Bàbá Aminah, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wọ pósí yìí o."

Moshood rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, obìnrin náà sì mọ̀ pé ó dùn ún.

Ṣùgbọ́n títún ike ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tó le lójú Moshood. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó máa ń kiri Lafẹ́nwá, á máa tún garawa àti abọ́ ike ṣe fún àwọn ìyálé ilé. Á kọ́kọ́ lu ihò bíńtín sí ibi tí ojú sísán náà parí sí, kó má baà tún sán lọ síwájú. Á wá fi irin gbígbóná, irú èyí tí àwọn atúnrédíò ń lò, yọ́ ike mìíràn sí i. Kó tó gan, á fi itọ́ ra àtàǹpàkò ọ̀tún, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sìì. Ọ̀bẹ ti gé àtàǹpàkò yẹn rí, àpá rẹ̀ là á sí méjì gérégé. Kò sí ike tí Moshood tún ṣe tí kò ní àpá yẹn lára.

Ó tú ike mẹ́sàn-án sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Méjì ló rí tún ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. Sẹ̀kínátù ló bá a lórí ìjókòó, ike tó tóbi jù lórí itan rẹ̀, irin ṣì ń gbóná nílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín.

Opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Sẹ̀kínátù gba ààyè níbi iṣẹ́, ó jókòó sílé. Ilé tí ènìyàn méjì ń gbé ní ariwo tirẹ̀. Ó dìgbà tó bá ku ẹnì kan kó tó mọ̀ pé ariwo wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aminah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń gbé ní Co-op City ní Bronx. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sell van yẹn. Ẹ kàn ń wò ó láti window ṣáá."

"A ò tà á."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Iṣẹ́ kù nínú rẹ̀."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ó mú ike ẹnu ọ̀nà, ó lu ihò, ó yọ́ ike sí i bí ó ṣe ń rí ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe é. Iná bà á lẹ́rù, kò lè fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ṣíbí ló lò. Iṣẹ́ náà rí játijàti, ó rí gbágungbàgun bí ẹ̀kọ tó dì. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wọlé lọ kírun Àsárì.

Nígbà tó padà, ojú sísán náà ti dán. Ojú àtàǹpàkò mẹ́rin tò lé e lórí. Àpá kan là wọ́n sí méjì gérégé.

Ó wo ọwọ́ tirẹ̀. Ó wo ike náà. Ó jókòó.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọ̀kan nínú méjì tí Moshood ti tún ṣe lòun ṣèèṣì gbé. Ó dára. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ike ojú fèrèsé, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yọ́ ọ. Ó ti ọkọ̀ pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró rẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó jókòó, kò tan iná. Oṣù Kọkànlá ni. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ilẹ̀ ti ń ṣú. Bàálù kan kọjá. Ariwo rẹ̀ tán. Fíríìjì náà dákẹ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti gbọ́ ọ, láti ẹ̀gbẹ́ ilé.

Sìì.

Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń fi itọ́ ra ìka.

Sìì.

Kò dìde. Nígbà tó pẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó jáde lọ ṣí ọkọ̀ náà. Ìlà ṣọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn ike. Ojú àtàǹpàkò wà níwájú rẹ̀. Inú ọkọ̀ náà ń rùn fún ike jíjó, òórùn Róòbù sì wà nínú rẹ̀, èyí tí Moshood máa ń fi pa àyà nígbà òtútù. Ẹ̀rù ba Sẹ̀kínátù, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó fa òórùn náà símú títí ó fi tán.

Láàárọ̀, ó pe Àrìnpé, ẹ̀gbọ́n Moshood, ní Abẹ́òkúta. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá náà gbọ́ ọ dé òpin, ó wá béèrè.

"Ṣé o ti bá a sọ̀rọ̀?"

"Rárá, mà."

"O kí i?"

"Rárá."

"O pè é lórúkọ?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Má dán an wò. Irú wọn kì í dúró de ẹni tó bá ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun rí wọn. Bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ó dìgbére." Àrìnpé rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó wa."

"Mà."

"O ní ó ṣì ń pa Róòbù yẹn?"

"Ó ṣì ń pa á, mà."

Àrìnpé bú sẹ́kún lórí fóònù, àwọn méjèèjì sì sunkún títí iná fóònù fi kú.

Sẹ̀kínátù kò sọ ọ́ fún àlùfáà. Ó mọ ohun tí àlùfáà máa sọ, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, ó di ọ̀lẹ. Ike márùn-ún ló kù. Ẹni tó lè parí ọ̀kan lọ́sàn-án kan bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwọ̀n ìka kan ṣe lójúmọ́. Ohun tó ní láyé kò ju ìyẹn lọ: bí ike tó sán bá ṣì wà, ọkọ rẹ̀ á wá. Bí iṣẹ́ bá tán, tàbí tí ọ̀rọ̀ kan bá yọ lẹ́nu rẹ̀, ó parí nìyẹn. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tó bá yọ́ ike tán, á ti ilẹ̀kùn, á fi ìborùn di ẹnu, á jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé nínú òtútù. Á máa gbọ́. Nígbà mìíràn, Moshood á wúkọ́ díẹ̀. Nígbà mìíràn, á fa ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Inú obìnrin náà dùn nínú oṣù Kejìlá yẹn. Ó ń tì í lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

Aminah kíyè sí i. "Mọ́mì, ẹ ti ń jẹun. Thank God."

"Mo ti ń jẹun."

Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù Kìíní, ike tó tóbi jù nìkan ló kù, ti òkè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tó wà lórí itan Moshood. Ojú sísán rẹ̀ gùn tó apá ènìyàn. Sẹ̀kínátù ṣírò rẹ̀ pé bí òun bá ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lè gbé òun dé oṣù Kẹta.

Kò dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Ó yọ́ ike ti ọjọ́ náà, ó ti ọkọ̀ pa, ó wọlé gbé ẹ̀wà kaná. Ọkàn rẹ̀ wá lọ sórí ẹ̀wà. Ó rántí pé ilẹ̀ tó bá mọ́ ni wọ́n máa kó ìdọ̀tí, ó gbé àpò méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọjá lọ síta. Ó ń rò ó bóyá alùbọ́sà ṣì kù. Sìì, ni ó gbọ́ lápá ọ̀tún rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, kì í ṣe òun. Ta nínú wa ló máa kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní kí i? Kí a tó mọ bí a ṣe ń ka owó ni wọ́n ti kọ́ wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Sẹ̀kínátù wí.

Ariwo náà dúró.

Àpò ìdọ̀tí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sọ fún Aminah, tí kò sì sọ fún Àrìnpé. Ọjọ́ Ẹtì tí Moshood kú, ọjọ́ kẹta nìyẹn tí wọ́n ti ń yodì nítorí ọkọ̀ yìí. Sẹ̀kínátù ti ọjà dé, ó gba ibí yìí kọjá. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí sílẹ̀. Moshood gbé irin sílẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń retí pé kó kí òun, kí ìjà lè tán. Sẹ̀kínátù gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wọlé. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó wá jáde pé kó wá jẹun, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọjọ́ tó yẹ kó sọ ọ́, ó gbé e mì. Ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó dúró nínú yìnyín, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Bàálù kan kọjá, kò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ohùn kan dáhùn nínú ọkọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ohùn náà kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀.

"Óò. O ṣé, Sẹ̀kínà."

Ọkọ̀ náà lọ sókè díẹ̀, bí ó ṣe máa ń lọ sókè tí ènìyàn sísanra bá sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kankan kò ṣí. Yìnyín tó yí i ká kò ní ojú ẹsẹ̀ kankan.

Nígbà tó ráyè ṣí i, àtàǹpàkò mẹ́ta ló wà lára iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ibi tí ìkẹrin yẹ kó wà ṣì rọ̀, ó ṣì gbóná. Òórùn Róòbù ti ń lọ. Ó wá pe orúkọ rẹ̀ nígbà náà, "Moshood! Moshood!" orúkọ tí kò fi ẹnu ara rẹ̀ pè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sí ohun tó kù láti bà jẹ́ mọ́. Nínú ilé, ẹ̀wà jó.

Ọjọ́ Ẹtì, ó yọ́ ike, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wọ inú ọkọ̀ lọ wò ó. Játijàti rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, Aminah gbọ́ ariwo láti títì: gbà, gbà, gbà. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nítorí òtútù. Ike ẹnu ọ̀nà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Hámà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ike náà ti tún sán láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Mọ́mì! What are you doing? Ẹ ti fix ìyẹn tẹ́lẹ̀!"

"Mò ń wá iṣẹ́ fún bàbá rẹ."

Aminah gba hámà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ gbá a mọ́ra, ó fẹ́ pe dókítà, kò mọ èwo ló máa kọ́kọ́ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ láti kó àwọn ike náà kúrò nílẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára wọn. Ó mú ọ̀kan, ó mú èkejì. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sínú ojú ọ̀kan, ó fi èékánná tọ àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ó ti ń wá láti oṣù Kọkànlá. Mo kí i lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ó dá mi lóhùn, ó sì lọ."

Bàálù méjì ló kọjá. Nígbà tó yá, Aminah kúnlẹ̀ kojú ìyá rẹ̀, ó gbé ike ojú fèrèsé sáàárín àwọn méjèèjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ṣinṣin. Ó ti hámà náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ lù ú, Mọ́mì," ló wí. "Ẹ lù ú dáadáa."